Ínṣì Mẹ́wàá Tó Lé

Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni Ìyá Abẹ́rẹ́ fi ń sọ ìtàn ẹ̀yìn rẹ̀, kò sì sí oníbàárà tó dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí kò gbọ́ ọ. Ṣòkòtò tó ya lo mú wá ni o, kọ́tìnì lo fẹ́ kó bá ọ gé kúrú ni o, kí ó tó na téèpù rárá ni yóò ti fọwọ́ ti ìbàdí, yóò mí kanlẹ̀, ìtàn yóò sì bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbé ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo jáde, dókítà kan gún un lábẹ́rẹ́ lẹ́yìn. "Mùdùnmúdùn mi ni wọ́n gún," bẹ́ẹ̀ ni yóò wí. "Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀yìn mi ti kú." Oníbàárà á ṣe háà, á ní Ọlọ́run á bá wa ṣe é, lẹ́yìn náà ni yóò tó ráyè sọ pé ìbàdí ṣòkòtò náà ni òun fẹ́ kó fún díẹ̀ sí i.

Kí ẹ má ṣì í gbọ́ o: ẹ̀yìn náà ń dùn ún lóòótọ́. Obìnrin náà kì í ṣe òpùrọ́. Àdúgbò ló sọ ọ́ ní Ìyá Abẹ́rẹ́ nítorí iṣẹ́ aránṣọ tó ń ṣe, kò sì sí ẹni tó rò ó pé orúkọ náà lè máa gún ẹni tó ń sọ pé abẹ́rẹ́ ló ba ẹ̀yìn òun jẹ́. Òun náà kò bá wọn jà sí i. Orúkọ tó ń mú oníbàárà wá, a kì í lé e lọ.

Ọkọ rẹ̀, Bàbá Lẹ́tà, ló tọwọ́ bọ̀wé lọ́jọ́ náà kí wọ́n tó gún un. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni ọkùnrin yìí fi pín lẹ́tà kiri ìlú kó tó fẹ̀yìn tì, bóyá torí pé ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ ló ń rù láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Wọn ò gbé ẹjọ́ rẹ̀ dé kóòtù kankan, síbẹ̀ ó ti jẹ̀bi. Òun ló ń pọn omi. Òun ló ń gbé bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n bá fẹ́ gbálẹ̀, òun ló ń gbé aṣọ oníyáàdì láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí máṣíìnì. "Ẹ̀yin lẹ tọwọ́ bọ̀wé," ni Ìyá Abẹ́rẹ́ máa ń wí, Bàbá Lẹ́tà á sì gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì. Mo ti rí ìgbéyàwó tí kò létò tó bẹ́ẹ̀.

Ọmọ kan ṣoṣo náà ti wá dàgbà, ó ti lọ́kọ, ó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké níwèé ní òdìkejì ìlú, ó sì wà nínú oyún oṣù mẹ́sàn-án. Ọmọ inú rẹ̀ dábùú. Wọ́n gbìyànjú títí kó yí, kò yí. Dókítà dá iṣẹ́ abẹ sí Ọjọ́bọ̀, ó ní abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn làwọn máa fi pa ìsàlẹ̀ ara rẹ̀ kú títí àwọn á fi gbé ọmọ jáde. Ọmọbìnrin náà ní ó tì o. Ó ní kí wọ́n kun òun lóorun pátápátá. Dókítà ní ikọ́ fée tó ń bá a jà láti kékeré kò jẹ́ kí oorun yẹn dára fún un: rọ́bà ni wọ́n máa kì bọ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, àyà tó ti máa ń fún tẹ́lẹ̀ sì lè fún pa lórí tábìlì. Ọmọ ní òun gbọ́. Ó ní àmọ́ òun mọ ohun tójú ìyá òun rí lọ́wọ́ abẹ́rẹ́, torí inú ilé kan náà ni òun dàgbà sí.

Nígbà tí Ìyá Abẹ́rẹ́ gbọ́, inú rẹ̀ dùn. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Ó ní ọmọ òun fi etí sí ọ̀rọ̀, ó sì wo ọkọ rẹ̀ lójú bó ṣe ń sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ikọ́ fée ba á lẹ́rù díẹ̀, ó sì fi sẹ́yìn ọkàn, níbi tí a máa ń kó ohun tí a kò fẹ́ rí sí.  Bàbá Lẹ́tà wọ yàrá, ó pẹ́ níbẹ̀, ó jáde, ó ní òun ń lọ na ẹsẹ̀.

Iṣẹ́ kan wà lórí tábìlì Ìyá Abẹ́rẹ́ lọ́sẹ̀ náà tí kò rán irú rẹ̀ rí. Olùkọ́ kan láti ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ló gbé e wá, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń ki bírò bọ irun. Ère ẹ̀yìn ènìyàn tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló já lulẹ̀ tó fọ́, ìdánwò sì ti dé tán. Ó ní kí Ìyá Abẹ́rẹ́ bá àwọn fi aṣọ àti fóòmù rán òmíràn. Ó ya àwòrán rẹ̀, ó kọ gbogbo ìwọ̀n sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nítorí pé ibi ìpín oògùn ló ti ṣiṣẹ́ rí, kì í kọ nọ́ńbà sílẹ̀ ní nọ́ńbà. Ọ̀rọ̀ ló fi ń kọ ọ́ kúlẹ̀kúlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì í kà.

Iṣẹ́ náà dùn mọ́ Ìyá Abẹ́rẹ́ ju bó ṣe fẹ́ jẹ́wọ́ lọ. Ó gé fóòmù sí egungun kéékèèké, ó tò wọ́n léra: méje fún ọrùn, méjìlá fún àyà, márùn-ún fún ìbàdí, àti àwọn tó lẹ̀ pọ̀ nísàlẹ̀ níbi tí a fi ń jókòó. Ihò kan la gbogbo wọn já láti òkè dé ilẹ̀, inú ihò yẹn ni okùn ẹ̀yìn, tí à ń pè ní mùdùnmúdùn, ń gbé. Aṣọ mẹ́ta ni okùn náà wọ̀. Ti ìta le, ó fi kánfáàsì rán an. Ti àárín fẹ́lẹ́, ó fi nẹ́ẹ̀tì rán an. Ti inú lẹ̀ mọ́ okùn náà gbágbáágbá, ó fi sílíìkì rán an. "Ta ló rán èyí fún wa?" ló bi ara rẹ̀, torí ó mọ iye ọjọ́ tí aṣọ onípele mẹ́ta ń gbà. Okùn fúnra rẹ̀ kò ju ìka ọmọńdinrín lọ. Bí o bá gé e wò, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ funfun, àárín rẹ̀ dà bí eérú, ìrísí labalábá ni eérú náà sì ní. Ó gé labalábá náà nínú aṣọ eérú, ó fi rán ojú ibi tí wọ́n gé.

Okùn wẹ́wẹ́ ló kù, méjì méjì lọ́nà mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ìwé olùkọ́ sọ pé ìdí méjì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní: ti iwájú ń gbé àṣẹ jáde, pé ká ẹsẹ̀, pé na ọwọ́; ti ẹ̀yìn ń mú ìròyìn wọlé, pé ó gbóná, pé ó ń dùn. Bàbá Lẹ́tà yọjú ka ìwé náà léjìká ìyàwó rẹ̀.

"Iwájú ni wọ́n ń gbà jáde, ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbà wọlé," ó ní. "Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń ṣe é ní ọ́fíìsì wa."

Gbólóhùn tó gùn jù tó sọ lọ́sẹ̀ náà nìyẹn.

Ibi tí Ìyá Abẹ́rẹ́ ti dúró ni gígùn. Olùkọ́ kọ ọ́ pé ihò inú egungun jẹ́ ínṣì mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ó sì kọ ọ́ pé okùn inú rẹ̀ jẹ́ ínṣì mẹ́tàdínlógún. Ìyá Abẹ́rẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń sá fún àṣìkọ nọ́ńbà ti wá fi ọ̀rọ̀ ṣàṣìkọ: ó fẹ́ kọ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, mẹ́tàdínlógún ló bọ́ sí i lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ méjèèjì jọra lẹ́nu. Ta ni yóò fi ínṣì mẹ́wàá gé aṣọ inú kúrú ju aṣọ ìta lọ? Kò fẹ́ dójú ti olùkọ́, kò pè é. Ó kàn rán an bó ṣe yẹ, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n géérégé, ó kún ihò náà dé ìsàlẹ̀, ó sì rò pé òun ṣe obìnrin náà lóore.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ó gbé e dé ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Bàbá Lẹ́tà ló gbé e, ká má parọ́, ó dúró níta. Olùkọ́ yẹ iṣẹ́ náà wò lókè nísàlẹ̀, ó ní ó dára, ó ní ó dára gan-an. Ó wá tú u lẹ́yìn, ó fi téèpù wọn okùn inú rẹ̀.

"Ẹ mà ṣe é gùn, mà."

"Mo bá yín tún un ṣe ni," Ìyá Abẹ́rẹ́ ní. "Ẹ kọ mẹ́tàdínlógún."

"Mẹ́tàdínlógún ni, mà."

"Tíṣà, ihò náà jẹ́ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Okùn náà ò dé ilẹ̀."

Ìyá Abẹ́rẹ́ wò ó bí a ṣe ń wo ẹni tó ní kí a rán ṣòkòtò ẹlẹ́sẹ̀ kan. Olùkọ́ jókòó tì í. Ó ní nígbà tí a wà ní oyún kékeré, okùn àti egungun jọ gùn bákan náà ni. Àmọ́ egungun a máa yára ga, okùn kì í lè bá a sáré. Ó ní kí ó rántí ọmọ tí ṣòkòtò ọdún tó kọjá ti dé orúnkún rẹ̀. Bí egungun ṣe ń ga kúrò lára okùn nìyẹn, títí tí ìdí okùn fi wà lókè ìbàdí, níbi egungun kìíní tàbí ìkejì nínú àwọn márùn-ún tí Ìyá Abẹ́rẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ gé. Ibẹ̀ ló parí sí.

"Kí ló wá wà nísàlẹ̀ rẹ̀?"

"Omi. Àti àwọn okùn wẹ́wẹ́ tó ń lọ sí ẹsẹ̀, wọ́n ń fì nínú omi náà bí ọwọ̀ tí wọ́n rẹ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí nǹkan bá kàn wọ́n, wọ́n á yà fún un."

 Ìyá Abẹ́rẹ́ béèrè, ohùn rẹ̀ sì ti kéré: "Níbo ni wọ́n ń gún aláboyún sí?"

Olùkọ́ fi ìka kan ibẹ̀ lórí ère náà, láàárín egungun kẹta àti ìkẹrin. Ó ní ibẹ̀ ni wọ́n ń gún gbogbo wọn sí, torí kò sí okùn níbẹ̀ mọ́ tí abẹ́rẹ́ lè bà. Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́ bí ẹni ń sọ iye ilẹ̀kùn tó wà nínú ilé. Ìyá Abẹ́rẹ́ nawọ́ sẹ́yìn, ó wá ojú àpá tirẹ̀. Kò sí àpá kankan níbẹ̀, kò sí rí. Àmọ́ ó mọ ibẹ̀, torí ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ló fi ń fi han àwọn oníbàárà. Ibi kan náà ni.

Ó tọrọ sísọ́ọ̀sì. Òun fúnra rẹ̀ ló gé ínṣì mẹ́wàá kúrò nísàlẹ̀ okùn náà, ó fi òwú wẹ́wẹ́ rọ́pò rẹ̀, ó dì í. Ó ká èyí tó gé sínú báàgì rẹ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ti Ìyá Abẹ́rẹ́ ti fi ọdún mẹ́jọ lé e.

Ọjọ́rú kò dùn ún gbé. Ó rán ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan pọ̀ mọ́ èkejì, ó tú u. Oníbàárà kan dé, ó wọn ọ́n láìfọwọ́ ti ìbàdí, onítọ̀hún bi í bóyá ara rẹ̀ yá. Ojú ń tì í, ẹ̀rù sì ń bà á, ẹ̀rù náà ló pọ̀ jù. Bó bá dákẹ́, wọ́n á kun ọmọ náà lóorun, bí àyà rẹ̀ bá sì fún pa, òun ìyá ló pa á. Bó bá sọ̀rọ̀, tí ọmọ gba abẹ́rẹ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì gbé mọ́, òun náà ni. Ó fẹ́ bi ọkọ rẹ̀ léèrè. Àmọ́ báwo lo ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ẹni tó ń pọn omi wọlé lọ́wọ́?

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọmọ wà lórí bẹ́ẹ̀dì, aṣọ ọsibítù lọ́rùn rẹ̀. Dókítà tó máa fún un lóògùn dúró pẹ̀lú ìwé méjì lọ́wọ́, ọ̀kan fún oorun, ọ̀kan fún abẹ́rẹ́, àárẹ̀ sì ti mú un láti máa ṣàlàyé. Bàbá Lẹ́tà wà lójú fèrèsé. Ìyá Abẹ́rẹ́ wọlé, kò kí ẹnikẹ́ni. Ó tú báàgì, ó fa ínṣì mẹ́wàá náà yọ, ó tẹ́ ẹ sórí itan ọmọ rẹ̀.

"Mọ́mì, kí nìyí?"

"Mùdùnmúdùn tí mo ní wọ́n gún ni," ìyá ní. "Kò sí níbẹ̀."

Ó wá sọ gbogbo rẹ̀, láti orí mẹ́tàdínlógún dé orí ọwọ̀ inú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Dókítà fetí sílẹ̀, ó ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, kò já a lẹ́nu rárá. Ọmọ gbé aṣọ náà, ó yí i síwá sẹ́yìn.

"Ṣé ẹ̀yìn ò wá dùn yín ni?"

"Ó ń dùn mí. Bí mo ṣe dúró yìí, ó ń dùn mí. Láti kékeré ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí máṣíìnì, mo pọ̀n ọ́ títí o fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá mi dọ́gba, kí ni ì bá ṣe tí kò ní dùn mí? Mi ò parọ́ fún ẹ. Ohun tí mi ò mọ̀ ni mo ń sọ bí ẹni tó mọ̀ ọ́n."

"Bí ẹsẹ̀ mi ò bá wá gbé mọ́ ńkọ́?"

 "Mi ò mọ̀," Ìyá Abẹ́rẹ́ ní. "Mi ò lè búra fún ẹ. Àyà rẹ ni mò ń bẹ̀rù."

Ọmọ yíjú sí fèrèsé. "Dádì, ẹ̀yin ò ní sọ nǹkan?"

"Ṣé o gba lẹ́tà mi?" Bàbá Lẹ́tà béèrè.

Ọmọ ní òun gbà á láti ìjẹta, ó wà nínú báàgì òun, òun ò tíì ṣí i. Ó ní òun rò pé àdúrà ni. Àdúrà ni lẹ́tà Dádì máa ń jẹ́, ojú ewé mẹ́rin. Ó yọ ọ́, sítáǹbù wà lórí rẹ̀ bó ṣe yẹ, ó ya á, ó kà á sókè:

"Ìyá rẹ ṣàṣìṣe. Gba abẹ́rẹ́ náà. Èmi bàbá rẹ."

 Ìyá Abẹ́rẹ́ rọra yí ọrùn sí ọkọ rẹ̀. "Ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Ọmọ yìí ò tíì pé ọdún kan. Mo padà lọ bá dókítà, mo bi í. Ohun tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yìí náà ló sọ fún mi."

"Ẹ sì dákẹ́? Ẹ ń pọn omi?"

"Ẹ̀yìn ń dùn ẹ́ lóòótọ́," ó ní. "O ń wá ẹni tí wàá di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Èmi sì wà nílé."

Inú bí Ìyá Abẹ́rẹ́, ìbínú tó lágbára ju ti ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n lọ. Kò mọ ibi tí yóò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí, torí òun fúnra rẹ̀ ló kù nínú yàrá náà tí kò tíì bínú sí rí. Ọmọ na ọwọ́ sí dókítà. "Ẹ fún mi ní ti abẹ́rẹ́," ó ní, ó sì tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Wọ́n gbé ọmọ jáde kó tó di ọ̀sán. Ó ké, wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n wọ̀ ọ́ láṣọ, bàbá ọmọ tuntun sáré wọlé láti ọ̀nà jíjìn, ó gbé e, ó sunkún, ó gbé e fún Bàbá Lẹ́tà. Àyà ìyá ọmọ ń lọ sókè sódò wẹ́rẹ́. Dókítà ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ní pẹ́ jí, ó ní kó tó di aago mẹ́rin. Ìyá Abẹ́rẹ́ gbé àga lọ sí ìdí bẹ́ẹ̀dì, ó ká aṣọ kúrò lórí ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀, ó tẹjú mọ́ ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Wọ́n ní kó wá wo ọmọ tuntun. Ó ní òun ń bọ̀. Wọ́n tún pè é, ó fa àga sún mọ́ ẹsẹ̀ náà sí i.

Aago méjì lù, ìka kankan ò mira. Aago mẹ́ta lù. Nọ́ọ̀sì fi nǹkan tútù kan ẹsẹ̀ náà, ó bi ọmọ bóyá ó mọ̀ ọ́n, ọmọ ní rárá. Nọ́ọ̀sì ní kò sí wàhálà, ó jáde. Ìyá Abẹ́rẹ́ bẹ Ọlọ́run pé kó kó gbogbo ìrora tó wà láyé sẹ́yìn òun, òun ò ní sọ fún oníbàárà kankan. Nígbà tí aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò lè gbàdúrà mọ́. Ó kàn ń ka àwọn ìka náà, láti òsì dé ọ̀tún, láti ọ̀tún dé òsì.

Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ òsì ló mira. Kò tó nǹkan, bí ẹni tó fẹ́ lé eṣinṣin tó sì yí èrò padà.

"Tún un ṣe," Ìyá Abẹ́rẹ́ ní.

"Mọ́mì, kí ni mo ṣe?"

"Tún un ṣe!"

Ọmọ gbìyànjú. Àtàǹpàkò náà tẹ̀, ó nà, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Ìyá Abẹ́rẹ́ gbé orí lé ẹsẹ̀ náà, ó bú sẹ́kún, ẹkún tó le débi pé nọ́ọ̀sì méjì sáré wọlé láti béèrè ẹni tó kú. Bàbá Lẹ́tà sọ fún wọn pé kò sẹ́ni tó kú. Ìyá Abẹ́rẹ́ fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó dìde, ó na ọwọ́ méjèèjì sí ohun tó wà lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ó sì béèrè bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin.